Ẹ Bi Tíṣà: Ta Ló Kọ́ Yín ní Sípáníìṣì?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ Ìbàdàn ni yín, Sípáníìṣì lẹ sì ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Houston, l'Amẹ́ríkà. Ta ló kọ́ ẹ̀yin gan-an? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbẹ̀ ní owó nọ́ọ̀sì ju ti tíṣà lọ fíìfíì, kí ló dé tẹ́ ò tíì fiṣẹ́ yẹn sílẹ̀? – Adúpẹ́, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Adúpẹ́, o ṣeun gan-an. Kò sẹ́ni tó ń sọ Sípáníìṣì nílé wa o, Faransé díẹ̀ ni mo kọ́ n'Íbàdàn, bonjour àti merci, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo dé Houston ni mo ríṣẹ́ ní kíṣìnì òtẹ́ẹ̀lì kan, mò ń fọ abọ́, mò ń gé ewébẹ̀, àwọn obìnrin Mẹ́síkò àti Honduras ló kún ibẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn á mú àlùbọ́sà sókè á ní cebolla, èmi náà á ní cebolla, á mú ọ̀bẹ á ní cuchillo, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí a fi máa ṣíwọ́. Òun ni tíṣà mi àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ fún mi fúnra ẹ̀ pé òun ò kàwé kọjá pírámárì, àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ti kọ́ mi ní nǹkan láyé yìí, títí kan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, mi ò tíì rí onísùúrù bíi tiẹ̀. Tí mo bá ṣì í sọ kì í rẹ́rìn-ín, á kàn tún un sọ bó ṣe yẹ kó jẹ́, bíi pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ ni, iṣẹ́ á sì máa lọ.

Yorùbá ẹnu mi náà ràn mí lọ́wọ́. A, e, i, o, u tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Tórí bá ń fọ́ wọn, me duele la cabeza ni wọ́n ń sọ, orí ló ń ṣe wọ́n, bí orí ṣe ń fọ́ àwa náà. Me gusta el arroz, ìrẹsì ló ń dùn mọ́ni. Tú àti usted ńkọ́? Ìwọ àti ẹ̀yin ni! Èyí tó máa ń da àwọn ọmọ tó ń sọ Òyìnbó láàmú jù ni ser àti estar, torí "is" kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún méjèèjì, ṣùgbọ́n àwa ń ní "ó jẹ́ tíṣà", a tún ń ní "ó wà nílé", kò sí Yorùbá tó máa ní ẹnì kan jẹ́ nílé. Es profesora, ser nìyẹn; está en casa, estar nìyẹn. Kò bára mu délẹ̀ o, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo rí i báyìí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo nínú bọ́ọ̀sì. Ibi tó ti le fún mi ni akọ àti abo tí wọ́n ń fún gbogbo nǹkan, la mano (ọwọ́) jẹ́ abo, el problema (ìṣòro) jẹ́ akọ, mo kàn há wọn sórí ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ kíláàsì alẹ́ ní community college, mo ṣe yunifásítì, mo wá ṣe ìdánwò TExES tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó di tíṣà ní Texas.

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n ẹ sọ nípa owó, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan fún ẹ, ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń jókòó sí, El Salvador làwọn òbí ẹ̀ ti wá, ó gbọ́ gbogbo nǹkan tí mò ń sọ, Òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn, torí àwọn ẹbí ẹ̀ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí nígbà tó ṣì í sọ. Irú wọn pọ̀ gan-an níbí. Mo ṣe é fún un bí ìyá kíṣìnì yẹn ṣe ṣe é fún mi, mi ò dá a dúró, mi ò bá a wí, mo kàn ń tún un sọ. Ó tó oṣù mẹ́fà. Nígbà tí màmá ẹ̀ wá rí mi, ọmọ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ fún un ní Sípáníìṣì níwájú mi, ó ń ṣì í níbí, ó ń ṣì í lọ́hùn-ún, màmá yẹn kàn di etí tábìlì mú, ó ń wo ẹnu ọmọ ẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi náà ń gbọ́ Yorùbá, Òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ìdí nìyẹn tọ́rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀, àtọjọ́ náà ni mo ti ń fi sùúrù yẹn bá wọn sọ̀rọ̀ nílé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé Yorùbá làwọn ará Cuba ń sọ? – Alàgbà kan, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ o. Lukumí lorúkọ Yorùbá táwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé débẹ̀, ọdún 1886 ni wọ́n tó fòpin sí ẹrú níní ní Cuba, orin òrìṣà àti àdúrà ni ò jẹ́ kí èdè náà pa run. Ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti lọ nínú ẹ̀, Sípáníìṣì ò sì ní ṣ, ló fi jẹ́ pé Changó ni wọ́n ń kọ Ṣàngó, Ochún ni wọ́n ń kọ Ọ̀ṣun, aché ni wọ́n ń kọ àṣẹ. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà fún, iyawó ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ ọkùnrin.

Mo ní ọmọ kíláàsì kan tí ìyá-ìyá ẹ̀ jẹ́ ará Matanzas ní Cuba. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé omi là ń pe agua nílé wa, ó ní ìyá àgbà òun mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú bébà kékeré kan wá, ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ni ìyá àgbà kọ sí i, mo mọ mẹ́sàn-án lójú ẹsẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì, mo ṣì ń wá ìtumọ̀ méjì tó kù.