Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì fi owó ẹ́ńjìnì yẹn ránṣẹ́

Ẹ kú ìdààmú, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ọkọ̀ akẹ́rù Howo yín tó ń kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Kano gbóná lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja, dírẹ́bà ní ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì, ó ń dún kò-kò-kò, wọ́n ti wọ́ ọ dé Zuba báyìí, mẹkáníìkì sì ní kí ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí àtúnṣe, kí ẹ tètè fi owó ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ránṣẹ́ kí ẹlòmíì má baà rà á mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wá ń béèrè láti Dublin pé èwo ni kí ẹ ṣe. "Kí ẹlòmíì má baà rà á" yẹn ló mú mi jókòó tẹ èyí nígbà tó yẹ kí n ti sùn. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà gan-an nìyẹn. Àfi bíi pé ọ̀gá kan náà ló kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́.

Tí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀: bí blọ́ọ̀kù, odidi irin ẹ́ńjìnì tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ò bá tíì fọ́, ẹ tún ẹ́ńjìnì yín ṣe. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kọ́ ló jẹ mí níyà jù. Nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnì ni.

Ọkọ̀ akẹ́rù Mack ni tèmi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń gbé Kubwa ló ń bá mi bójú tó o, èmi wà ní Toronto níbí. Gẹ́ẹ̀jì ti wọ pupa kí wọ́n tó dé Tafa. Dírẹ́bà bu omi tútù látinú jẹ́ríkánì, ó dà á sí ẹ́ńjìnì tó ń hó, ó tún ń wà á lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ mọ ohun tó ń tẹ̀lé ìyẹn: tọ́ọ̀pù, irin tó bo orí pístìn, á sán. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, kò tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, ó dẹtí sí i, ó mi orí, ó ní ẹ́ńjìnì ti kú. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ nìyẹn tí wọ́n gbé tòkunbọ̀ sí i. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa pàápàá, mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì yẹn.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí wàhálà tó yọjú. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró fún àyẹ̀wò, ẹni tó dá a dúró ní kí dírẹ́bà ṣí iwájú, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ara blọ́ọ̀kù, ó wo ìwé, nọ́ńbà méjèèjì ò jọra. Mi ò bínú sí ìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ó sì wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nínú CMR, àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tiwọn. Tí ti ara irin bá ti yàtọ̀ sí ti ìwé, ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni pé wọ́n jí ọkọ̀ náà, tàbí wọ́n jí ẹ́ńjìnì náà.

Wọ́n ní kí a mú rìsíìtì wá. Rìsíìtì wà. Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ kò ju ẹ́ńjìnì kan, owó pé. Kò sí nọ́ńbà, kò sí orúkọ ṣọ́ọ̀bù, fóònù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò lọ mọ́. Wọ́n ní ó dáa, kí a gbé ẹ́ńjìnì àtijọ́ wá kí àwọn fojú ara wọn rí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ní àwọn baban bola tó ń ṣa irin kiri ti kó o lọ. Ẹ bá mi gbọ́ o: odidi ẹ́ńjìnì Mack, irin tó súnmọ́ tọ́ọ̀nù kan, baban bola fi ọmọlanke kó o! Ó ti tà á, kò sí ohun méjì. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́ ni mo ti béèrè láti ibí pé kí ni a ó ṣe sí èyí tó jáde. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, ó wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ti fi tapólì bò ó. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Àwa tí a ni ọkọ̀ la wá ń bẹ̀bẹ̀ pé a ò jalè.

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ́fíìsì kan, tí à ń bọ́ sí òmíràn. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìwé ọkọ̀ rí ẹ mọ bó ṣe ń rí. Lónìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Lọ́la ọ̀gá wà ní mítìnì. Ọjọ́ tí ọ̀gá wá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì wà, wọ́n ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni àwọn fẹ́ rí, àwọn ò pe àna rẹ̀. Mo ní Kánádà ni mo wà. Obìnrin tó jókòó sí wíńdò ní, "Ṣé bàálù ò sí níbẹ̀ ni?" Mo ṣe ìwé power of attorney tó fún àna mi láṣẹ láti ṣojú mi, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n gbé e sórí tábìlì títí, nígbà tó yá wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, kí n lọ ṣe tuntun. Ta ló jẹ́ kó pẹ́? Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án ní Abuja, aago mẹ́ta òru ni lọ́dọ̀ mi nígbà òtútù, ojú oorun ni mo fi ń bá wọn ṣe sà, mà. Ní gbogbo àkókò yẹn ọkọ̀ wà lórí ìdúró, owó ibi tó dúró sí ń gorí ara wọn, dírẹ́bà ń gba owó oúnjẹ, ẹni tó ń fún wa lẹ́rù sì ti bá ẹlòmíì lọ.

Ẹni tó yọ wá ni alága ọjà tí wọ́n ti ra ẹ́ńjìnì náà. Bàbá yẹn kọ lẹ́tà pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn ló tà á, ó dúró ti ọkùnrin náà títí tó fi kọ rìsíìtì tó ní nọ́ńbà nínú, ó tún rí i pé wọ́n mú ẹ̀dà ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí ẹrù náà fi wọlé jáde. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, Ọlọ́run á bá wa sanwó fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ó ku àfídáfíìtì ní kóòtù, kí ọlọ́pàá fi tépù àti pẹ́ńsùlù da nọ́ńbà ara blọ́ọ̀kù kọ, kí wọ́n kọ ọ́ sí CMR, kí a sì tún ìwé ọkọ̀ ṣe. Ìyẹn ò le, ẹ kàn lọ ṣe é ni.

Ẹ jẹ́ n wá bọ́ sórí ti Howo yín. Tó bá jẹ́ Howo 371 tó kún òkè ọya yẹn ni, ẹ́ńjìnì WD615 ló máa ń wà nínú wọn. Pístìn mẹ́fà ló ní, tọ́ọ̀pù mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Ire ńlá nìyẹn fún yín. Bí ooru bá sán tọ́ọ̀pù kan tàbí tó jó gásíkẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀kan yẹn lẹ ó rà. Mack tèmi, tọ́ọ̀pù méjì péré ló ní, ọ̀kan bo pístìn mẹ́ta. Tí ọ̀kan bá lọ, owó gidi ló lọ yẹn.

Nọ́ọ̀kì nìkan kò sì túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnì ti kú. Injẹ́tọ̀ tó bàjẹ́ máa ń dún bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹ bẹ́árìn tó wà láàárín pístìn àti kíráńkì, irin tí pístìn ń yí, máa ń dún bẹ́ẹ̀ tó bá ti jẹ. Ẹ ní kí àbúrò yín tó wà nílé dúró ti mẹkáníìkì, kí ó pè yín lórí fídíò kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Kí wọ́n kọ́kọ́ da ọ́ìlì sílẹ̀ sínú nǹkan funfun. Tó bá rí bí ògì, omi ti wọnú rẹ̀, ẹ wo ọ̀dọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì àti tọ́ọ̀pù. Tó bá ń dán yẹ̀rìyẹ̀rì, bẹ́árìn ló ń jẹ. Kí wọ́n gé fíìtà ọ́ìlì sí méjì, kí wọ́n tú inú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, kí wọ́n yọ kọ̀ǹ bẹ́árìn, kí wọ́n ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn wọn. Ẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n sí: STD ni pé wọn ò fi ẹ̀rọ lọ kíráńkì yẹn rí, 0.25 tàbí 0.50 ni pé wọ́n ti lọ ọ́, ó sì ṣì lè gbà á. Tó bá ti di 1.00, kíráńkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ lè ní láti ra òmíràn. Kíráńkì kì í ṣe blọ́ọ̀kù o! Kò sí nọ́ńbà yín lára rẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ láìṣe pé ẹ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni láínà, pístìn, rìǹgì, tọ́ọ̀pù, tọ́bò. Ohun tó ń pa blọ́ọ̀kù gan-an kò pọ̀: kí kọ́ńrọ́ọ̀dù já kó lu ihò sí i lára, kí ara rẹ̀ sán, tàbí kí ìjókòó mẹ́ìn bẹ́árìn jẹ kọjá àtúnṣe. Tí mẹkáníìkì bá ní blọ́ọ̀kù ti kú, kó fi ihò náà hàn yín.

Ní ti owó, látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là ni àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ń tẹ̀ lé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì kọ owó àtúnṣe sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má sọ pé "fúlù ọ̀fáhọ̀ọ̀lù" kó sì dárúkọ iye kan gbàgà. Kí àbúrò yín mú ìwé yẹn lọ béèrè owó ọjà níbòmíì, kódà kó pe ẹnì kan ní Kofar Ruwa ní Kano. Ní tèmi, bí àtúnṣe kò bá tíì tó ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tòkunbọ̀, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ sì rántí pé tòkunbọ̀ náà ò dá wá. Owó gbígbé e sínú ọkọ̀ wà, ọ́ìlì tuntun wà, gásíkẹ́ẹ̀tì wà, owó ìwé wà, owó "ẹ wá nǹkan fún àwọn bọ̀ọ́ìsì" náà ò ní ṣàìwà. "A ti dán an wò" tí wọ́n ń sọ yẹn, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n fi bátìrì tan án, ó dún fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò tíì gbé ẹrù gun òkè kankan.

Bó bá wá jẹ́ pé blọ́ọ̀kù ti lọ lóòótọ́, ẹ rà á, kì í ṣe òpin ayé. Ṣùgbọ́n kí kọ́bọ̀ yín tó kúrò ní Dublin, kí ẹni tó ń tà á fọ nọ́ńbà ara blọ́ọ̀kù mọ́, kó kà á sétí yín lórí fídíò. Tí ojú ibẹ̀ bá ń dán ju ibi tó kù lọ, tàbí tí àwọn nọ́ńbà ò tò dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́jà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ kò gbọdọ̀ sun ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì di ọjọ́ kejì. Kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹbí yín, kó wà níbẹ̀ títí ìwé ọkọ̀ á fi yí padà, lẹ́yìn náà ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tà á. Owó gidi ni wọ́n ń rà á.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ rèé, torí mo mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́ fún yín. Ẹnì kan á ní, "Màdáàmù, ẹ má dààmú nípa ìwé, a máa lọ nọ́ńbà tuntun kúrò, a ó fi páǹṣì lu nọ́ńbà yín sí i." Ẹ sá! Wọ́n sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi nígbà tí ọ̀rọ̀ náà há, wọ́n ní kò ju iṣẹ́ àárọ̀ kan lọ. Ó kọ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ ṣe ségesège, ẹ lè ṣàlàyé ara yín. Nọ́ńbà tí wọ́n lọ kúrò lára irin, ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀, àbúrò yín tó wà nílé ni wọ́n sì máa mú.

Bẹ́ ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ bi wọ́n pé kí ló jẹ́ kó gbóná. Wọ́n ti máa ń yọ tamositáàtì tó ń darí omi ẹ́ńjìnì jù nù pé ìlú wa gbóná, wọ́n sì ń bu omi ẹ̀rọ lásán sínú rẹdiétọ̀ títí ìpẹtà á fi dí i. Ẹ́ńjìnì tuntun á tún jó níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú mú yín. Mack tèmi ṣì ń na Kano sí Ìbàdàn, ìwé rẹ̀ pé. Ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn bẹ́árìn yẹn síbí tí wọ́n bá ti yọ ọ́, màá wò ó. Kí ẹ sì tún dáhùn èyí tẹ́ ẹ ò sọ: orúkọ ta ló wà nínú ìwé ọkọ̀ náà, tiyín ni àbí ti ẹni tó tà á fún yín?