Ṣé ìwà rere nìkan ni "ìwà lẹwà" ń sọ?

Ẹnì kan béèrè pé, bí àwọn àgbà bá ní "ìwà lẹwà", ṣé ọmọlúàbí nìkan ni wọ́n ń bá wí, àbí iṣẹ́ ọnà náà ní ìpín nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ní ìpín tó pọ̀ nínú rẹ̀. Láti inú "wà" ni "ìwà" ti jáde, nítorí náà ohun tó bá wà bí ó ti yẹ kí irú rẹ̀ wà ni ó lẹ́wà, ìwà rere ènìyàn sì jẹ́ ẹ̀ka kan lára ìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé funfun niyì eyín, ẹ̀gún gàgà niyì ọrùn. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi gígùn yin eyín.

Ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì, gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, láàárín ọdún 1910 sí 1914, èyí tó wà ní Art Institute ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, ó dé adé ṣóńṣó tí ẹyẹ bà lé, ṣùgbọ́n ayaba àgbà tó dúró sẹ́yìn ìtẹ́ rẹ̀ ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ń wá àfijọ yóò ní gbẹ́nàgbẹ́nà ṣìṣe. Kò ṣìṣe rárá: ayaba àgbà ni ó ń gbé adé lé ọba lórí, ipò tí ayaba wà ni Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́, kì í ṣe bí ara ayaba ṣe ga tó. Ojú ọnà ni a ń pe irú òye bẹ́ẹ̀.

Oríkì Ọlọ́wẹ̀ ní ó ń gbẹ́ ìrókò bí ẹni gbẹ́ igbá, ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin kan náà sì jẹ́rìí sí i. Àwọn ère ara ilẹ̀kùn náà yọ síta débi pé òjìji wọn ń bọ́ sórí pákó tó fín lẹ́yìn wọn. Ògògà jókòó ṣánṣán lápá kan. Lápá kejì, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká eékún jọ nínú àga tí àwọn aláàárù ń gbé. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum sì fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀ fún un, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.