Ayétòrò ni tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìtòsí ilé?

Ìbéèrè: Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, mú OOU (Yunifásítì Olabisi Onabanjo) nínú JAMB, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ kà. Inú mi dùn nítorí Àgọ́-Ìwòyè kò jìnnà sí wa. Àfi ìgbà tí wọ́n gbà á tán, ni wọ́n bá ní Ayétòrò ni yóò ti kàwé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan nítòsí wa wá ní bó bá yí ilé ìwé padà, àwọn á gbà á fún NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, á sì máa tilé lọ. Èwo ni kó mú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, Màmá. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ sọ fún un kó má tíì tẹ "Accept" (mo gbà) lórí CAPS, ìkànnì tí JAMB fi ń gbani wọlé. Àwọn ọmọ káfé a máa bá èèyàn tẹ̀ ẹ́ láì bèèrè, wọ́n á ní àwọn ń ranni lọ́wọ́. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, yíyí ilé ìwé padà á di wàhálà. Ẹ má sì fi falẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀ka OOU ni Ayétòrò, ọ̀rọ̀ "ẹ̀ka" yìí ló sì ń ba àwọn òbí lẹ́rù. Wọ́n ti gbọ́ nípa àwọn ilé alájà méjì tí wọ́n háyà, tí wọ́n gbé pátákó yunifásítì kọ́ sí iwájú rẹ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni olùkọ́ ń wá. Irú ìyẹn wà lóòótọ́, NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, sì ti pàṣẹ kí wọ́n ti irú rẹ̀. Ti Ayétòrò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ OOU fìdí kalẹ̀ sí, bí ti ìṣègùn ṣe wà ní Ṣágámù, tí ti ẹnjiníà sì wà ní Ìbogùn. Orúkọ yunifásítì kan náà ni yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tí ẹ máa bèèrè ni bóyá ọdún gbogbo ni yóò lò níbẹ̀, àti ibi tí yóò máa lọ bó bá nílò ìwé láti ọ́fíìsì àkóso tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ọdún. Ọdún márùn-ún ni B.Agric, oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọdún kẹrin sábà máa ń jẹ́ ọdún oko: akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ebè, á gbin nǹkan, á bọ́ adìyẹ, wọ́n á sì fún un ní máàkì lórí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni NCE, sẹ̀mẹ́sítà kan nínú rẹ̀ á sì lọ sórí kíkọ́ni nílé ìwé. Bó bá fi NCE wọ yunifásítì lọ́nà Direct Entry, ìpele 200 (ọdún kejì) ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́rin, méje nìyẹn kó tó gba B.Agric. Bó bá jẹ́ oyè olùkọ́ ọlọ́dún mẹ́rin, irú B.Sc.(Ed), ló lọ gbà, mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́ta, mẹ́fà. Àwọn tó ń pe NCE ní ọ̀nà àbùjá kò tíì fi ìka kà á. Kì í tún ṣe gbogbo B.Agric ló ń gba NCE wọlé. Ẹ wo IBASS, ìlànà JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má baà di àbámọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ibi tí NCE ti lágbára ni iṣẹ́ olùkọ́. Tó bá parí, ó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, kó sì máa kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ní B.Agric gbọ́dọ̀ ṣe PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kà á sí olùkọ́. Ṣùgbọ́n NCE nìkan kì í múni sin ilẹ̀ bàbá ẹni. Oyè tí èèyàn fi pátáàmù gbà kì í múni ṣe agùnbánirọ̀ bákan náà, lẹ́tà tó yọ̀ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún onítọ̀hún.

Ẹ yẹ ìwé WAEC tàbí NECO rẹ̀ wò dáadáa. Tí kírẹ́díìtì márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, kò bá pé, NCE kò lè bò ó. Ọjọ́ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì, wọ́n á tún bi í. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró lẹ́nu Direct Entry nìyí. Nọ́ńbà JAMB tó bá fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kó tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á bèèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ilé ìwé méjèèjì. Ẹ má lọ ní Sátidé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára. Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé oko. Ṣé ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wà nílẹ̀, àbí koríko ló gba gbogbo rẹ̀? Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin di ọmọ adìyẹ: ṣé ó ń gbóná, ẹyin wà nínú rẹ̀, àbí eruku ló bò ó? Ẹ fa akẹ́kọ̀ọ́ ìpele 300 kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló fọwọ́ ara rẹ̀ da oògùn sí omi adìyẹ ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá. Ìdáhùn rẹ̀ á sọ ju ìwé ìpolówó lọ. Ẹ tún wò ó bóyá NUC fọwọ́ sí B.Agric yẹn fúnra rẹ̀, nítorí ìdí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò: ìfọwọ́sí kíkún jẹ́ ọdún márùn-ún, ti ìgbà díẹ̀ jẹ́ méjì. NCCE, àjọ tó wà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ló ń bójú tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní ti owó, ẹ má fi owó ilé ìwé nìkan ṣe é. Owó ilé ní Ayétòrò, lọ́dún kìíní, máa ń ní àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù lórí. Owó ọkọ̀ ibẹ̀ kò ju ti ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní sẹ̀mẹ́sítà. Ẹni tó ń tilé lọ ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi iye ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, ó lè yà yín lẹ́nu. Ká tún sọ òótọ́ síra wa, Màmá: ọmọ tó ń tilé lọ ló ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù.

Tèmi ni pé, bó bá jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wù ú, kó lọ sí Ayétòrò. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ olùkọ́ ló fẹ́ ní tòótọ́, NCE dára, Yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ Tai Solarin tí ìjọba àpapọ̀ gbà ní 2025 sì wà ní Ìjagun bó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ owó nìkan ló ń fà yín sẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ilé ìwé ìjọba ni wọ́n ń yá lówó fún, wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún ilé ìwé tààrà, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Gbèsè ni o. Kó wọ orí ìkànnì wọn fúnra rẹ̀, kó má gbé BVN rẹ̀ lé ọmọ káfé lọ́wọ́.