Ìtàdógún: kí ló dé tí ọjọ́ mẹ́rìndínlógún fi ń jẹ́ mẹ́tàdínlógún?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àjàṣẹ́ bèèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá àgbà ń ná ọjà Adjarra. Wọ́n ní ọjọ́ karùn-ún-karùn-ún ni, mẹ́rin ni èmi ń kà. Ẹgbẹ́ wọn ń ṣèpàdé ní ìtàdógún, mẹ́rìndínlógún ni mo tún kà. Olùkọ́ ìṣirò wa sì ní ẹbí kan náà ni 17 àti 65537. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Àbúrò, ìyá àgbà ò ṣì í kà. Nínú ònkà tiwa, ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ka ọjọ́ òrìṣà lórí ìka rẹ: Ọ̀sẹ̀, Awo, Ògún, Jàkúta, Ọ̀sẹ̀. Ìka márùn-ún lo lò, òru mẹ́rin péré ló sì wà láàárín. Bí ọjà bá yí lẹ́ẹ̀mẹrin, òru 16 ni. Ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ló sọ ọ́ di 17.

Ibí ni ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ ti dùn mọ́ mi. Kó ikin 16 sílẹ̀, kí o pín in sí méjì: mẹ́jọ-mẹ́jọ. Tún un pín: mẹ́rin-mẹ́rin, méjì-méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wàyí o, fi ẹyọ kan kún 16 náà. Pín in fún ẹni méjì, ẹyọ kan ṣẹ́kù; fún ẹni mẹ́ta, méjì ṣẹ́kù. Àfi kí àwọn tó fẹ́ pín in pé 17 gan-an. Irú nọ́ńbà tí kò ṣeé pín báyìí ni à ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ (prime).

Odù Ifá jẹ́ 256, torí ojú mẹ́jọ ni odù kọ̀ọ̀kan ní, ẹyọ tàbí méjì sì ni babaláwo ń tẹ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan. Fi ẹyọ kan kún un: 257 náà ò ṣeé pín. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65536. Fi ẹyọ kan kún un, 65537 náà ò ṣeé pín. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ 54 tó wà lábẹ́ 256 nìkan lo máa dán wò kó tó dá ọ lójú, torí bí nọ́ńbà méjì bá bí 65537, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn ò lè ju 256 lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyọ kan ló ń ṣe é. Ọjà ìsán, òru 8, ọjọ́ 9: mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta ni 9. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ 2 kó tó di 8: 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2. Iye ìgbà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16, kó máa di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìrètí tó wà. Mi ò ní sọ pé torí èyí làwọn baba wa ṣe yan 17. Ọjà ló bí i.

65537 wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, nínú ọ̀nà ìfọ̀rọ̀pamọ́ RSA. Lójú kọ̀ǹpútà, 1 ni, òdo 15, àti 1 mìíràn, ìyẹn ni ìṣirò rẹ̀ fi ń yá.

65537 ti wá láti inú 2 tí a kọ nígbà 16. Lẹ́yìn 16, ìgbà 32 ló kàn; fi ẹyọ kan kún un, ó di 4294967297. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbà pé kò ṣeé pín. Ní ọdún 1732, Euler fi hàn pé 641 lọ́nà 6700417 ni. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò tíì rí òmíràn tí kò ṣeé pín nínú ẹbí yìí lẹ́yìn 65537.