Reluwé tó kọjá lọ ló pa Bennett

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló dé tí Bennett, ìlú etí adágún ní Kánádà, fi di ahoro lẹ́yìn tí reluwé dé ibẹ̀. Ohun tó pa á ni pé ojú irin náà kò parí síbẹ̀.

Ìdádúró èèyàn ló ń bọ́ ìlú yẹn. Ní 1898, àwọn tó ń wá góòlù lọ sí Klondike, agbègbè góòlù ní àríwá Kánádà, gé igi, wọ́n la pákó, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wá jókòó ti yìnyín títí tó fi yọ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún. Ọkọ̀ tó lé ní 7,000 ló gbéra! Ojú irin dé láti Skagway, ìlú èbúté ní Alaska, ní oṣù Keje 1899, ọjà ṣì ń tà: ẹrù ń bọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọdún kan péré, wọ́n so irin pọ̀ ní Carcross, níwájú Bennett, ó di tààrà dé ìlú Whitehorse, lójú ọ̀nà Klondike. Ta ló tún fẹ́ já ẹrù sí Bennett?

Ibi tí ẹrù ti ń pààrọ̀ ọkọ̀ nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn o. Ní Kisumu, ní Kenya, létí adágún Victoria, irin parí síbẹ̀ ní 1901, ẹrù Uganda sì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi nígbà náà. Ìyẹn kò kú.

Ní Bennett, ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan láti 1899 ṣì wà lórí òkè.