Kì í ṣe Oslo ni black metal ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ, pé ṣé òótọ́ ni pé ọdún 1991 ni black metal, orin gìtá líle tó ń bani lẹ́rù yẹn, bẹ̀rẹ̀ ní Nọ́wè, nínú ṣọ́ọ̀bù Euronymous, onígìtá ẹgbẹ́ Mayhem, ní Oslo, àti pé ṣé kó o ra àwo àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ Bathory tí ẹnì kan fẹ́ tà fún ẹ yẹn, èyí tó ní òbúkọ yẹ́lò lára. Méjèèjì ló kàn mí gan-an torí mo ti jìn sí kòtò méjèèjì rí, àwọn àgbà sì ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ló jẹ́ fún ará ẹ̀yìn. Jẹ́ n ti orí ìtàn bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ò mọ ìtàn ni wọ́n ń rí ta ayédèrú fún.

Kì í ṣe 1991, kì í sì í ṣe Oslo. Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀, Ìlú Ọba ló ti wá, àwọn Venom ará Newcastle ló fi sọ àwo wọn kan ní 1982. Ní Copenhagen, King Diamond ti ń fi àtíkè funfun àti dúdú kunjú kọrin pẹ̀lú Mercyful Fate, àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1983. Àmọ́ ẹni tó fi ìró tá à ń sọ yìí lélẹ̀ ni ọmọkùnrin kan ní Stockholm tó ń jẹ́ Quorthon, òun ló ni Bathory. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí àwo Bathory àkọ́kọ́ jáde ní 1984, inú gáréèjì mọ́tò kan tí wọ́n sọ di sìtúdíò, tí wọ́n ń pè ní Heavenshore, ló sì ti gbà á sílẹ̀. Owó ò sí, àyè ò sí, ohùn ẹ̀ há bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, síbẹ̀ tó o bá gbọ́ èyí tó ṣe ní 1987, Under the Sign of the Black Mark, wàá rí i pé ohun tí àwọn ọmọ Nọ́wè wá di olókìkí fún lẹ́yìn ọdún márùn-ún ti wà níbẹ̀ tán. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré Quorthon níṣojú mi.

Pósófíìsì ló bí orin yìí, òun lohun tí mo fẹ́ kó o dì mú. Mo dé London ní 1989, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní wíahaùsì kan, òyìnbó kan tá a jọ ń kó ẹrù ló fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì Bathory yẹn. Ẹ̀dà ẹ̀dà ni, ẹnì kan dọ́ọ̀bù ẹ̀ látara rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹlòmíì dọ́ọ̀bù tìyẹn, ó tún dé ọwọ́ ẹlòmíì, nígbà tó fi máa kàn mí, ṣe ló ń ṣe ṣàà bí òjò orí páànù, gìtá wà lábẹ́ ẹ̀ níbì kan lọ́hùn-ún. Èmi sì rò pé òjò yẹn gan-an lorin! Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọ lẹ́tà sí àwọn èèyàn pé bí Quorthon ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, mo ń bá wọn jiyàn. Ìgbà tí mo wá gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn gangan nílé ẹnì kan ní 1993 ni mo mọ̀ pé ìró kan wà bí atẹ́gùn níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí gìtá tó wọlé. Nínú kásẹ́ẹ̀tì tèmi, òjò ti gbé atẹ́gùn mì. Ó dùn mí títí dọ̀la, torí náà má ṣe fi ẹ̀dà burúkú tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì dá orin kankan lẹ́jọ́.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyí. Wàá kọ lẹ́tà, wàá kọ gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó o ní sínú pépà, wàá fi ránṣẹ́ sí ẹni tí o ò rí rí ní Swídìn tàbí Fínláǹdì, òun náà á fi tiẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ó wá jọ ṣe pàṣípààrọ̀. Owó sítáǹpù ló ń pa wá, nítorí náà a máa ń fi ọṣẹ tàbí gọ́ọ̀mù pa ojú sítáǹpù kó tó di pé ó kúrò nílé, kí òǹtẹ̀ pósófíìsì má bàa wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó gbà á á gé e, á fi sínú abọ́ omi gbígbóná, òǹtẹ̀ á ṣí, sítáǹpù á léfòó, wàá tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn kó gbẹ, ó di pé ó tún ṣe é lò. Ní ìparí gbogbo lẹ́tà lo máa rí i: jọ̀ọ́ dá sítáǹpù mi padà. Ìwà ọ̀daràn ni, mo mọ̀, mi ò fi yangàn, àmọ́ láìsí ẹ̀, orin yẹn ò bá má kúrò ní Stockholm. Owó tó bá pọ̀, a máa ń fi pépà kábọ́ọ̀nù wé e kí wọ́n má rí i látìta. Mo pàdánù £15 lọ́nà yẹn lọ́wọ́ ẹnì kan tó gba owó tí ò fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, £15 nígbà yẹn sì jẹ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún mi.

Ọ̀nà pósófíìsì yìí kan náà ni Mayhem gbà. Langhus ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1984, ìlú kékeré kan nítòsí Oslo, Euronymous, Necrobutcher àti Manheim. Metalion, tó ń ṣe ìwé ìròyìn Slayer ní Sarpsborg láti 1985, ló ń gbé ìròyìn wọn kiri. Nígbà tí wọ́n ṣe àwo Deathcrush ní 1987, ẹ̀dà 1,000 péré ni wọ́n tẹ̀. Orin tó ṣí i, kì í ṣe àwọn ló ṣe é o, Conrad Schnitzler ni, bàbá kan tó wà nínú ẹgbẹ́ Tangerine Dream nígbà kan. Euronymous gbéra lọ sílé bàbá náà ní Berlin, ó sì gba orin náà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé metal kan wá dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlagbà Jámánì kan tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin: apá ibí yìí nínú ìtàn náà ni mo fẹ́ràn jù. Kò sì mọ sí Yúróòpù, lọ́dún 1987 yẹn náà ni ẹgbẹ́ Sarcófago ní Belo Horizonte, ní Bùràsíìlì, ya fọ́tò nínú itẹ́ òkú pẹ̀lú àtíkè lójú àti bẹ́líìtì ọta ìbọn, àwọn ọmọ Nọ́wè sì rí i dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Dead, tó wá di akọrin Mayhem, dé láti Stockholm ní 1988. Òun náà, pósófíìsì ló gbà wọlé: ó di dẹ́mò, lẹ́tà àti òkú eku kan ránṣẹ́ sí wọn. Ó máa ń ri aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lórí pèpéle mọ́lẹ̀ kó lè máa rùn bí ilẹ̀. Ó pa ara ẹ̀ ní oṣù kẹrin 1991, ọmọ ọdún 22. Euronymous ya fọ́tò òkú ẹ̀ kó tó pe ọlọ́pàá, ohun tó sì mú Necrobutcher kẹ̀yìn sí i nìyẹn, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwo jàǹdùkú kan wà, tí wọ́n tẹ̀ láìgbàṣẹ, tí wọ́n fi fọ́tò yẹn síwájú páálí ẹ̀. Wọ́n fi lọ̀ mí ní 1996, mo kọ̀. Jọ̀ọ́, ìwọ náà má rà á. Ọmọ èèyàn ni, ó ní ìyá.

Helvete, ṣọ́ọ̀bù tó ò ń sọ, 1991 ló ṣí ní Schweigaards gate 56, ó sì ti tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 1993. Ó ṣe pàtàkì, mi ò jiyàn, torí ibẹ̀ làwọn tó ti ń fi lẹ́tà mọra wọn ti wá rí ojú ara wọn. Àmọ́ ohun tó tuntun gan-an ní Nọ́wè lásìkò yẹn, ọwọ́ gìtá ni. Nínú death metal, irú metal mìíràn tó wà nígbà yẹn, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún máa ń tẹ okùn mọ́lẹ̀ nídìí gìtá, kí ìró lè gé kúrú kó sì wúwo. Snorre Ruch, ọmọ Trondheim tó ní ẹgbẹ́ Thorns, àti Euronymous gbé àtẹ́lẹwọ́ yẹn kúrò, wọ́n ń ta okùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ wéréwéré, wọ́n jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ máa dún wọnú ara wọn, orin náà wá tutù, ó ṣófo, ó ń bani lẹ́rù. Fenriz, onílù Darkthrone, ẹgbẹ́ Nọ́wè mìíràn, náà ti jẹ́rìí sí i pé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni gbogbo wọn ti kọ́ ọ. Wá Grymyrk, kásẹ́ẹ̀tì Thorns ti 1991, kó o fi etí ara ẹ gbọ́ ọ. Kó o wá gbọ́ A Blaze in the Northern Sky ti Darkthrone, 1992, lẹ́yìn ẹ̀. Death metal ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé ìyẹn dé, Peaceville tó ń gbé àwo wọn jáde ní Ìlú Ọba ò fẹ́ kó jáde bó ṣe rí, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe, àwọn ọmọ náà fárí gá pé àwọn á gbé e lọ fún Euronymous, Peaceville gbà.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n sun àti ìpànìyàn, mi ò ní fi pamọ́ fún ẹ, mi ò sì ní fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi ti Fantoft ní Bergen jóná ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1992, ilé tó ti wà láti nǹkan bí 1150. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Faust tó ń lu ìlù fún Emperor pa ọkùnrin kan ní Lillehammer tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1993, Varg Vikernes, tó ń dá nìkan ṣe orin tó ń pè ní Burzum, gún Euronymous pa nínú ilé tí Euronymous ń gbé ní Oslo, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 21 ní 1994, fún ìyẹn àti fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tó sun. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì, tí màmá mi ń pè mí láti Ìbàdàn lọ́jọọjọ́ Sunday bi mí pé ṣé mo lọ sí ìsìn, mo kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì mi sínú páálí ní 1993, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọdún méjì. Orin ni mo torí ẹ̀ padà. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó jóná tó mú gìtá ẹnikẹ́ni dùn sí i.

Ó ku ti àwo tó o fẹ́ rà. Wúrà ni wọ́n fẹ́ kí àwọ̀ òbúkọ yẹn jẹ́, yẹ́lò ló jáde, Quorthon ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di funfun. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn, ìdí tí ayédèrú ẹ̀ sì fi pọ̀ nìyẹn. Mo ra tèmi ní 2003, £240, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń pe ara ẹ̀ ní ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó dé, mo gbé e súnmọ́ iná, létí àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lẹ́yìn páálí, ó rí bàìbàì bí ìgbà téèyàn ya fọ́tò fọ́tò, pépà náà sì ń rùn tuntun. Àwo ogún ọdún kì í rùn bẹ́ẹ̀. Mi ò rí owó mi gbà padà.

Nítorí náà, kó o tó sanwó, ní kí ẹni yẹn ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí ní ìsúnmọ́ fún ẹ, kó tún ya ibi dídán tó wà láàárín orin ìkẹyìn àti bébà róbótó tó wà láàárín rẹ́kọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ kọ nọ́ńbà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tó bá ń sọ pé kámẹ́rà òun ò dáa, fi í sílẹ̀. Tó bá yà á, gbé e wá síbí, ọ̀rẹ́ mi kan ní ojúlówó ẹ̀, a ó jọ gbé e síra wọn wò.