Ìtọ̀ pupa tí kò ní sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ nínú: kí ni hemoglobíìnì ń wá níbẹ̀?

Ìbéèrè náà rèé: ẹnì kan rí i pé ìtọ̀ òun pọ́n. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àbájáde ní "ẹ̀jẹ̀ wà," ṣùgbọ́n ìlà tó tẹ̀ lé e ní wọn kò rí sẹ́ẹ̀lì pupa kankan. Dókítà wá kọ haemoglobinuria sílẹ̀. Oníbèéèrè fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí, àti bóyá ẹni tó ṣe àyẹ̀wò ló ṣe àṣìṣe.

Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Òótọ́ ni ìlà méjèèjì, ibi tó sì ti dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn gan-an ni ìdáhùn wà. Hemoglobíìnì ni èròjà tó kún inú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wa. Òun ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró kiri gbogbo ara, òun náà ló sì mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Níwọ̀n ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wà lódindi, inú rẹ̀ ni hemoglobíìnì ń gbé. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, á dà síta. Ohun tí haemoglobinuria ń sọ ni pé hemoglobíìnì tó ti dà síta ló dé inú ìtọ̀, sẹ́ẹ̀lì tó gbé e kò bá a débẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá rí sẹ́ẹ̀lì pupa odindi nínú ìtọ̀ rẹ̀, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbì kan láti kíndìnrín títí dé ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde. Ó lè jẹ́ òkúta inú kíndìnrín, ó lè jẹ́ kòkòrò inú àpò ìtọ̀, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, tí ẹyin aràn rẹ̀ ń dá egbò sára àpò ìtọ̀. Ẹni tó ní haemoglobinuria lè máà ní egbò kankan lójú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà ti ṣẹlẹ̀, ìtọ̀ kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan rí ìtọ̀ pupa, tó sọ fún ara rẹ̀ pé "kòkòrò ni," tó sì lọ ra oògùn kòkòrò lò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Báwo ni hemoglobíìnì ṣe ń dé ibẹ̀? Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lò láyé. Bó bá ti gbó, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀dọ̀ àti níbòmíràn á gbé e mì, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á sì tọ́jú irin inú rẹ̀ kí ara lè tún un lò. Kọ̀rọ̀ ni gbogbo èyí ti ń wáyé, ojoojúmọ́ ni, hemoglobíìnì kì í sì í ráyè bọ́ sójú òpó.

Bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́ sínú òpó ẹ̀jẹ̀ gan-an, ara ṣì ní ọgbọ́n tó ń dá. Ẹ̀dọ̀ máa ń pèsè purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní haptoglobin sínú omi ẹ̀jẹ̀. Hemoglobíìnì tó bọ́ síta á pín sí méjì, haptoglobin á dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á sì jọ tóbi ju ohun tó lè gba ojú asẹ́ kíndìnrín kọjá. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n á gbé e lọ. Ṣùgbọ́n haptoglobin ní ìwọ̀n. Bí sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ bá pọ̀, yóò tán, hemoglobíìnì tí kò rí ẹni dì í mú á sì gba ojú asẹ́ náà kọjá. Síbẹ̀ ìtọ̀ kò tíì ní pọ́n, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ojú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn asẹ́ náà á máa fa hemoglobíìnì ọ̀hún padà sínú ara wọn. Ìgbà tí apá àwọn náà kò bá ká a mọ́ ni àwọ̀ á tó yọ. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n báyìí, odi méjì ló ti wó kó tó rí i.

Àwọ̀ náà sì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ó lè pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó lè pọ́n gan-an, ó sì lè dúdú bí omi tíì tó pẹ́ lórí iná, pàápàá bí ìtọ̀ náà bá kan, nítorí pé hemoglobíìnì máa ń yí padà sí àwọ̀ ilẹ̀ nínú ìtọ̀ tó kan. Ìtọ̀ ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe náà máa ń ṣókùnkùn, àmọ́ èròjà mìíràn tó ń jẹ́ bilirubin ló fà á. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní rifampicin náà ń sọ ìtọ̀ di àwọ̀ ọsàn. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní yàrá àyẹ̀wò, ìwé pélébé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kì bọ inú ìtọ̀. Ibi tó ń wá ẹ̀jẹ̀ lára ìwé yẹn, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ló ń wá. Apá tó ní irin lára hemoglobíìnì ló ń mú un yí àwọ̀ padà láti ìyẹ́lò sí gíríìnì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí nǹkan kan: bí ó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì odindi díẹ̀ ló wà níbẹ̀, gíríìnì náà á tò ní kínkín, tó-tò-tó, bí ó bá jẹ́ hemoglobíìnì tó ti dà síta ni, gbogbo ojú rẹ̀ á gbà á dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ìtọ̀ náà sínú ẹ̀rọ tó ń fi ìgò yí bírí-bírí. Sẹ́ẹ̀lì odindi á sọ̀ sísàlẹ̀, omi òkè á mọ́. Hemoglobíìnì kì í sọ̀, omi òkè á ṣì pọ́n. Bí wọ́n bá wá fi maikirosíkóòpù wo ìsàlẹ̀ ìgò, wọn kò ní rí sẹ́ẹ̀lì pupa, tàbí kí wọ́n rí ìwọ̀nba tí kò tó ohun tí ìwé pélébé sọ. Ohun tó fà á nìyẹn tí ìlà méjèèjì fi yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè yẹ ìtọ̀ náà wò o. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, tàbí bí ó bá ti fẹ́lẹ́ bí omi, sẹ́ẹ̀lì tó wọlé lódindi lè fọ́ sínú ìgò, àbájáde á sì jọ ti haemoglobinuria bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Ayédèrú kan ṣì kù tó jọ ọ́ bí ìbejì. Myoglobin ni, láti inú iṣan ara tó fara pa gidigidi ló ti ń wá, ìwé pélébé kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á fà láti fi mọ̀ ọ́n. Omi orí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní haemoglobinuria máa ń pọ́n, ti ẹni tó ní myoglobin máa ń mọ́ gaara, nítorí pé myoglobin kéré, kíá ni kíndìnrín ń gbọ̀n ọ́n dànù.

Kí ló wá ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì? Èyí tó yára jù ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ara mu sí ènìyàn lára. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ara á gbóná, ẹ̀yìn á máa dùn ún, ìtọ̀ á sì pọ́n. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ibà ẹ̀fọn tó le koko náà ń fà á, ìtọ̀ dúdú rẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ ní blackwater fever. Oró ejò kan, iná tó jó ara gan-an, àti fáàfù ọkàn tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe tó ń jò, gbogbo wọn lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì.

Àìtó G6PD ló wọ́pọ̀ jù nínú èyí tí a bí mọ́ni: nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ènìyàn ló ní i káàkiri ayé. G6PD jẹ́ ẹ́ńsáímù kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó lè máa gbé ayé rẹ̀ lọ láìmọ̀, títí di ọjọ́ tó bá lo primaquine (oògùn ibà) tàbí dapsone (oògùn ẹ̀tẹ̀), tó jẹ ẹ̀wà fava, tàbí tí kánfọ̀ tó ní naphthalene wọ inú ara rẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú. Ọkùnrin ló ń ṣe jù. Bí wọ́n bá sì yẹ G6PD wò lásìkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, àbájáde lè dára, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó burú jù ti fọ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ tó kù ló ń dáhùn. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Èyí tí wọ́n ń pè ní PNH (paroxysmal nocturnal haemoglobinuria) ṣọ̀wọ́n, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ohun tí orúkọ náà sọ ni pé òru ni hemoglobíìnì ń wọ inú ìtọ̀. Paul Strübing, dókítà ará Jámánì, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1882. Tọ̀sán-tòru ni sẹ́ẹ̀lì ń fọ́ nínú rẹ̀. Ìtọ̀ àárọ̀ ló kàn ki jù, nítorí pé ó ti sùn mọ́júmọ́. A kì í bí i mọ́ni. Àyípadà ló bá jíìnì kan nínú mùdùnmúdùn inú egungun, sẹ́ẹ̀lì tó ń tibẹ̀ jáde kò sì ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ complement, ìyẹn apá kan nínú ètò ààbò ara. Ẹ̀jẹ̀ dídì sínú òpó ló ń pa àwọn tó ní i jù. Láti 2007 ni oògùn eculizumab ti wà tó ń dá complement lọ́wọ́ kọ́, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yírùnyírùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan rọrùn jù báyìí. Ní 1881, dókítà kan tó ń jẹ́ Fleischer kọ nípa ọmọ ogun Jámánì kan tí ìtọ̀ rẹ̀ ń pọ́n lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ lemọ́lemọ́ ló ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ṣe àwọn tó ń sáré lórí ilẹ̀ líle títí di òní. Ìsinmi àti bàtà tó nípọn ti tó fún un.

Ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kíndìnrín ló ń fara kó o jù. Hemoglobíìnì tó pọ̀ lápọ̀jù ń dí ojú ọ̀nà inú rẹ̀, irin inú rẹ̀ sì ń ba sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ jẹ́. Omi ni wọ́n sábà máa ń fà sí aláìsàn lára kí ìtọ̀ lè máa jáde dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dojú kọ ohun tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Bí ìtọ̀ bá dúdú tó sì dín kù, tí mímí ń ṣòro, tí ojú pọ́n, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ lò láàárín ọ̀sẹ̀ náà dání, títí kan àgbo.

Bí ìtọ̀ bá sì ti mọ́ padà kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ṣì lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín tó fa hemoglobíìnì mì máa ń tọ́jú irin rẹ̀ pamọ́, wọ́n á sì máa bọ́ sínú ìtọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí àwọ̀ ti lọ. Bí yàrá àyẹ̀wò bá kun ohun tó sọ̀ sísàlẹ̀ ìtọ̀ náà ní èròjà tó ń sọ irin di búlúù, wọ́n á rí i níbẹ̀.